Ọdún tí ológbò kan gba Oscar láìsọ̀rọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fíìmù káàtúùnù ọdún 2024

Ẹni tó bá wẹ̀yìn wo ọdún 2024 nínú ọ̀rọ̀ fíìmù káàtúùnù lè rò pé ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń wò. Owó ya sápá kan, ẹ̀yẹ ya sápá kejì: Inside Out 2 ló pawó jù, ṣùgbọ́n Flow, fíìmù ológbò kan láti Latvia nílẹ̀ Yúróòpù, ló gba Oscar, ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, èmi náà sì ti rò ó títí, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dọ́kàn.

Àwọn wo ló pawó jù lọ́dún náà?

Inside Out 2, tí iléeṣẹ́ Pixar gbé jáde ní oṣù Kẹfà, ló ṣáájú. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.69 dọ́là ló pa kárí ayé. Kò sí fíìmù mìíràn lọ́dún náà, yálà káàtúùnù tàbí ti òṣèré gidi, tó bá a dọ́gba. Moana 2 dé ní oṣù Kọkànlá, òun náà kọjá bílíọ̀nù kan. Díẹ̀ ló kù kí Despicable Me 4 náà kàn án. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nídìí orúkọ wọn: méjì, méjì, mẹ́rin. Ìtàn tí òbí àtọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sanwó fún.

Ṣé iṣẹ́ wọn ò dára ni?

Ó tì o. Nínú Inside Out 2, Riley, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ti pé ọmọ ọdún 13, Àníyàn, ọ̀kan nínú àwọn ìmọ̀lára tó ń darí rẹ̀, sì ti gba ìjókòó àṣẹ nínú orí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Àníyàn ń sá yí pátákó ìdarí po débi pé ìjì aláwọ̀ ọsàn nìkan là ń rí. Ẹ wá wo àárín ìjì náà: Àníyàn fúnra rẹ̀ dúró gbagidi, kò lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Lóde, Riley jókòó, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, kò rí èémí mí dáadáa. Ẹnikẹ́ni tírú ẹ̀ ti ṣe rí máa mọ̀ pé àwọn tó ya ibẹ̀ kò fi ṣeré.

Moana 2 ni mi ò lè gbè lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Eré alápá púpọ̀ fún Disney+, ìkànnì fíìmù Disney lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe, kí Bob Iger, ọ̀gá àgbà Disney nígbà náà, tó kéde ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé ilé sinimá ló ń lọ. Mo ṣì ń rí oríkèé ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ní oṣù Karùn-ún, kò tíì pé oṣù kan kí Inside Out 2 jáde, Pixar ní kí nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé.

Báwo wá ni fíìmù láti Latvia ṣe gba Oscar mọ́ wọn lọ́wọ́?

Flow ni orúkọ rẹ̀. Gints Zilbalodis ló darí rẹ̀, àwọn ará Latvia, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ló sì pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ọdún márùn-ún àtààbọ̀ ló gbà wọ́n, owó tí wọ́n ná kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 yúrò lọ. Ti Inside Out 2, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là.

Blender ni wọ́n fi ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà tẹ́nikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí àṣírí wà gan-an nìyí. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, àwòrán 24 ni. Ní iléeṣẹ́ ńlá, kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí yọ àwòrán kan ṣoṣo, torí ó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta látara nǹkan kan sí òmíràn; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà jọ rẹpẹtẹ. Flow gba ọ̀nà àbùjá. Apá Blender tó ń jẹ́ EEVEE máa ń fojú díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà dípò kó ṣírò gbogbo rẹ̀, torí náà ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó fún àwòrán kan. Orí kọ̀ǹpútà Zilbalodis fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ àṣeparí fíìmù náà. Ohun tó sì ná wọn kò fara sin: irun ajá inú rẹ̀ rí bí ohun tẹ́nì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wéréwéré. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ mi lójú. Nígbà tó mọ́ mi lójú tán, mi ò rántí ẹ̀ mọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Báwo ló ṣe ń yé èèyàn?

Torí pé ẹranko inú rẹ̀ ń ṣe bí ẹranko. Omi ń kún bo ilẹ̀, kò sí èèyàn kankan mọ́, ológbò kan sì sá gun ère ológbò gàgàrà kan lọ. Omi ń gùn bọ̀. Ó bo ara ère náà, ó kù orí, ó kù etí. Ológbò náà há sókè níbẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, títí ọkọ̀ ojú omi kan fi rọra sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kó sọ níbẹ̀?

Ohùn wọn náà, ohùn ẹranko gidi ni. Ti capybara, ẹranko kan tó jọ eku ńlá, ni kò bọ́ sí i: igbe rẹ̀ tín-ín-rín jù, kò bá ìwà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fún un mu, ni wọ́n bá lọ gba ohùn ọmọ ràkúnmí sílẹ̀ fún un. Kò sì sí pé à ń túmọ̀ èdè kankan, torí náà bó ṣe wọlé fáwọn tó wò ó níbi ayẹyẹ fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 náà ló wọlé fáwọn tó dìbò Oscar. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2025, ó di fíìmù aláìlọ́rọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀yẹ káàtúùnù gígùn.

Àwọn tí wọ́n jọ du ẹ̀yẹ náà ńkọ́?

Ká ní The Wild Robot ló gbà á, mi ò bá má bínú. Chris Sanders ló darí rẹ̀, ohùn Lupita Nyong'o ni róbọ́ọ̀tì náà ń lò, igbó inú rẹ̀ sì rí bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lọ́wọ́. Memoir of a Snail, ti Adam Elliot ará Ọsirélíà, àti Wallace & Gromit: Vengeance Most Fowl jẹ́ ti amọ̀: ẹ sún apá ère amọ̀ náà díẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ tún sún un. Ti Elliot ti gba ẹ̀yẹ tó ga jù níbi ayẹyẹ fíìmù káàtúùnù Annecy nílẹ̀ Faransé lóṣù Kẹfà ọdún 2024.

Ṣé káàtúùnù ni Mufasa, fíìmù kìnnìún ti Disney?

Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí kìnnìún gidi kan nínú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ló fi kọ̀ǹpútà ṣe wọ́n látorí dé ìrù. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ṣe é kó jọ ojú ayé, ẹ̀ka iṣẹ́ àrà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kà á mọ́ra nígbà Oscar. Mo gbà pé ìyẹn ń gba iyì lọ́wọ́ àwọn tó ya á.

Kí làwọn ará Latvia ṣe nígbà tí ẹ̀yẹ dé?

Kí Oscar tó dé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Golden Globe, ẹ̀yẹ fíìmù mìíràn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti dé ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Wọ́n gbé e sínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti iṣẹ́ ọnà ní Riga, olú ìlú wọn, àwọn èèyàn sì tò síta nínú òtútù láti lọ fojú rí i. Wọ́n tún gbé ère ológbò inú fíìmù náà sí àárín ìlú, nítòsí Ère Òmìnira.