Yíìsì Inú Ẹmu Tó Ń Tú Àṣírí Púrótíìnì

Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní ìdájí ní Ìjerò-Èkìtì, dídùn ló máa ń dùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó sì ti ń le. Yíìsì ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Saccharomyces cerevisiae, tó ń mú búrẹ́dì wú, wà lára wọn. Òun kan náà ni wọ́n fi ń mọ púrótíìnì tó ń dì mọ́ èkejì rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè.

Ní 1989, Stanley Fields àti Ok-kyu Song gbé ọgbọ́n náà jáde ní Amẹ́ríkà. Yíìsì ní púrótíìnì kan, Gal4, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti swíìṣì: òun ló ń tan àwọn jíìnì kan. Apá kan lára rẹ̀ ń di DNA, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, mú, apá kejì ń mú kí jíìnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọ́n bá gé méjèèjì sọ́tọ̀, jíìnì kò ní tàn. Àmọ́ kò dìgbà tí wọ́n bá lẹ̀ wọ́n padà. Kí wọ́n ṣáà ti súnmọ́ra, ó tó.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n á so púrótíìnì kan mọ́ apá tó ń di DNA mú, wọ́n á pè é ní ìjẹ. Wọ́n á so ìkejì mọ́ apá tó kù. Bí ìjẹ bá mú nǹkan, apá méjèèjì á pàdé, jíìnì á sì tàn. Jíìnì tí wọ́n sábà máa ń lò ni èyí tí yíìsì fi ń ṣe histidine, èròjà kan tí wọ́n fi ń kọ́ púrótíìnì, tí yíìsì kò lè dàgbà láìsí i. Wọ́n á wá da yíìsì náà sórí àwo oúnjẹ tí kò ní histidine rárá, wọ́n á gbé e síbi tó móoru ní ìwọ̀n 30°C. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èyí tí púrótíìnì rẹ̀ pàdé á yọ tó-tò-tó, funfun ràkọ̀ràkọ̀, lójú àwo. Èyí tí tirẹ̀ kò pàdé, àwo rẹ̀ á ṣófo. Ẹnikẹ́ni kò rí púrótíìnì sójú o. Yíyè tàbí àìyè yíìsì ni ìdáhùn.

Yíìsì máa ń parọ́ ṣá. Ìjẹ mìíràn lè dá tan jíìnì fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán òun nìkan wò. Púrótíìnì méjì tí kì í gbé ibì kan náà nínú ara ènìyàn sì lè dì mọ́ra nínú yíìsì.

Torí náà, wọ́n máa ń fi FRET, ọgbọ́n tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ̀ bóyá nǹkan méjì súnmọ́ra, yẹ̀ ẹ́ wò nínú sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Wọ́n á fi àwọ̀ títàn méjì sára púrótíìnì méjèèjì. Tí àlàfo àárín wọn kò bá ju nǹkan bíi nánómítà 10 lọ, agbára á fò láti ara ọ̀kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ á sì yí àwọ̀. Tí wọ́n bá tún ya ara wọn, àwọ̀ àkọ́kọ́ á padà. Yíìsì lórí àwo kò lè sọ ìyẹn.