Ohun tí Plasmodium jẹ́ nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá gba èsì àyẹ̀wò ibà ní láàbù lè rí i pé wọ́n kọ Plasmodium falciparum síbẹ̀, tí àmì àròpọ̀ méjì sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Ibà ni," wọ́n á sì ká ìwé náà sápò. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Plasmodium ni orúkọ ìdílé kòkòrò kan tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bí. Kì í ṣe bakitéríà, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí ampicillin, òògùn tó ń pa bakitéríà, tí àwọn kan máa ń rà ní kẹ́míìsì, kò fi lè rí i gbé ṣe. Falciparum ló ń sọ irú èyí tó jẹ́ nínú ìdílé náà. Vivax, ovale, malariae àti knowlesi náà wà, ṣùgbọ́n falciparum ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà, òun ló sì ń pani jù: sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, títí kan ti inú ọpọlọ. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré sì ni ti ìkejì. Tí wọ́n bá fẹ́ gé e kúrú, wọ́n á kọ P. falciparum. Alphonse Laveran, dókítà ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí irú kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ní Àlùgẹ̀ríà lọ́dún 1880.

Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e kiri. Omi òjò tó mọ́, tí oòrùn ń ta sí, ló fẹ́ràn láti yé ẹyin sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà, kòtò kéékèèké orí àpáta, èyí tí kò wọ́n nílùú Olúmọ. Ẹ̀fọn inú gọ́tà ìdọ̀tí sábà máa ń jẹ́ Culex, tí kì í gbé ibà. Nítorí náà, kíkó gọ́tà nìkan kò tó.

Tí ẹ̀fọn bá jẹni, inú itọ́ rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ara ò sì ní gbóná rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n á máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí wọ́n á máa jẹ ẹ́ láti inú. Ní nǹkan bíi wákàtí 48, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, àwọn ọmọ tuntun á jáde, ìdọ̀tí wọn náà á dà sínú ẹ̀jẹ̀. Bíbẹ́ yìí ló ń fa òtútù tí ń gbọnni jìgìjìgì, lẹ́yìn náà ara gbígbóná, lẹ́yìn náà òógùn. Díẹ̀ nínú wọn á di akọ àti abo, wọ́n á máa dúró de ẹ̀fọn mìíràn. Inú ikùn ẹ̀fọn ni wọ́n ti ń gùn, ó sì tó bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ẹ̀fọn náà tó lè kó o ran ẹlòmíràn.

Ní láàbù, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi aró Giemsa pa á láró. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kòkòrò náà á hàn roboto nínú sẹ́ẹ̀lì, bí òrùka olókùúta kékeré. Iye tí wọ́n bá kà ló ń di àmì àròpọ̀: méjì túmọ̀ sí 11 sí 100 nínú ojú ìran 100 (ojú ìran kan ni ibi tí máíkírósíkóòpù ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo).

Ti àyẹ̀wò oníkáàdì, èyí tí ń fa ìlà, yàtọ̀. Kì í rí kòkòrò náà; èròjà tí falciparum ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rí, èròjà yẹn sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òògùn ti pa kòkòrò tán. Ẹni tó ti lo òògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta rẹ̀ pé, tí káàdì ṣì ń fa ìlà méjì, máíkírósíkóòpù ló lè sọ fún un bóyá Plasmodium ṣì wà níbẹ̀.