Àgbo Tó Ń Múni Sùn Kì í Ṣe Omi Lásán

Bí ẹ bá ya ọ̀dọ̀ àwọn elẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba, lẹ́bàá ààfin Déjì ní Àkúrẹ́, tí ẹ ní ẹ kò rí oorun sùn mọ́, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ewé ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Àwọn tó ń rà á náà ń sọ ọ́ fún ara wọn. Wọ́n ní oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́, pé tewé tegbò kò ní ewu. Ìgbàgbọ́ yìí ń kọ mí lóminú gan-an. Ewé tó bá lágbára débi pé ó gbé àgbàlagbà sùn, agbára náà kì í dúró sórí oorun nìkan.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń lo egbò rẹ̀ fún wèrè àti fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe irọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà reserpine jáde láti ara igi kan ní Íńdíà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Èròjà yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Wọ́n sọ ọ́ di tábúlẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọpọlọ. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru lójúmọ́ kò ju 0.25 mílígíráàmù lọ. Bó ti kéré tó yìí, ó lè dí imú, ó lè mú òòyì kọ́ni, ó tún lè kó ìbànújẹ́ bá ọkàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn téèyàn ti dá a dúró.

Ta ló wá wọn èyí tó wà nínú ife àgbo kan? Bàbá tó lo tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, tó tún da ife asofẹ́yẹjẹ mu lálẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ló lò láìmọ̀. Bó bá dìde lóru láti lọ tọ̀, ó lè ṣubú lulẹ̀. Àwọn àgbà tó ní bí oògùn ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, àwọn náà mọ̀ pé ìwọ̀n àti àpapọ̀ ló ń gbé oògùn ró. Wọn ò sọ pé ká máa bù ú mu bó ṣe wù wá.

Páràgà ńkọ́? Ọtí máa ń tètè kunni lóorun, àmọ́ tó bá ti ń kúrò lára láàjìn, oorun á máa já. Ẹni tó ń hanrun ni mo ń bẹ̀ jù, torí ọtí lè mú kí èémí rẹ̀ máa dá dúró lójú oorun.

Ewé tíì (lemon grass) ní tirẹ̀ rọrùn lára. Àwọn ará Brazil náà ń mu ún kí wọ́n lè sùn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fi í wé ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, ní 1986, oorun kò yàtọ̀. Ẹ lè máa mu ún o; ohun gbígbóná lálẹ́ dára.

Ní ti àgbo inú ìgò, ẹ má fi nọ́ńbà NAFDAC nìkan tẹ́ra lọ́rùn. Ẹ ka ara ìgò: lára ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Kẹ́ ẹ tó ra àgbo rárá, ẹ yẹ obì ìrọ̀lẹ́ wò. Ẹni tó jẹ obì ní aago méje alẹ́, nǹkan bí ìdajì kaféènì (èròjà tó ń lé oorun lọ) inú rẹ̀ ṣì lè wà lára rẹ̀ ní aago méjìlá òru. Ìtọ̀ ṣúgà náà lè máa jíni tọ̀ lóru, kò sì sí àgbo oorun tó máa wo ìyẹn. Bí àìsùn bá ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú tó kọ́kọ́ yẹ kò ní oògùn nínú: wọ́n á tún àṣà oorun yín àti èrò tẹ́ ẹ ń gbé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ṣe. Ẹ gbé ìgò àgbo yín dání, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ewé tẹ́ ẹ ń mu fún dókítà kó tó kọ oògùn kankan fún yín.