Ṣé òótọ́ ni pé ìrìn ìgbafẹ́ òjijì ló ń tún ìfẹ́ tọkọtaya ṣe?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni. Mo ti di ẹrù sínú báàgì méjì, mo gbé wọn pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, mo sì ti bẹ àbúrò ìyàwó mi kó wá sun ti àwọn ọmọ fún ọjọ́ méjì. Bí ìyàwó mi ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé, mo ní, "Màmá Tọ́lá, má bọ́ bàtà o. À ń jáde." Ó ní níbo. Mo ní kó má ṣèyọnu, yóò rí i tá a bá débẹ̀. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi, inú rẹ̀ dùn dénú. Àmọ́ nígbà tó fi mí sílẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá ni ìgò oògùn tó wà lórí tábìlì, èyí tí àbíkẹ́yìn wa ń lò lálaalẹ́.

Ìlú tá a lọ dára púpọ̀. Iná ń tàn yòò lójú títì, yàrá wa wà lókè, à ń wo odò láti ojú fèrèsé. Mo rẹjú díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú ilé ìwẹ̀ ló wà, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù: "Ṣíbí kékeré ni, kì í ṣe ńlá. Tó bá yarí, gbé ìgò yẹn fún un kó dì í mú fúnra rẹ̀. Á mu ún."

Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Lójú tèmi, mo ti náwó, mo ti nára, òun ni kò fẹ́ gbádùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ìyàwó mi, kò sì sí ohun tó ṣe ìlú náà. Ìgbàgbọ́ tí mo gbé kúrò nílé ló wọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní irú ìgbàgbọ́ yẹn. A gbà pé abọ́ tí à ń fọ̀, aṣọ tí à ń ká, ọmọ tí à ń gbé lọ síléèwé, owó iná tí à ń san, àwọn ló ń jẹ ìfẹ́ tọkọtaya run díẹ̀díẹ̀. A sì gbà pé tí ìfẹ́ bá ti ṣá, kí ẹnì kan sáà gbé ẹnì kejì lọ sí ìlú mìíràn láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Apá méjèèjì ló lódì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí wà tí wọ́n fi jọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìn-àjò fúnra rẹ̀. Ní 2010, Jeroen Nawijn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àgbàlagbà 1,530 ní Nẹ́dálándì. Àwọn 974 nínú wọn lọ síbi ìsinmi. Wọ́n wọn ìdùnnú wọn kí wọ́n tó lọ, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìdùnnú ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó rìnrìn-àjò kò ju ti àwọn tí kò kúrò nílé lọ. Àwọn tó ní ìsinmi náà tu àwọn lára gidigidi nìkan ni nǹkan ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́, ìyẹn náà ò sì tọ́jọ́: bí ọ̀sẹ̀ 2 ló fi hàn dáadáa lára wọn. Ọdún kan ṣáájú èyí, Jessica de Bloom àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 7 jọ lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi, wọ́n sì rí i pé àǹfààní rẹ̀ máa ń pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 téèyàn bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá wá ń retí pé kí òpin ọ̀sẹ̀ kan gbé ilé òun dúró fún ọdún kan, ó di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí.

Nǹkan mìíràn wà nínú ìwádìí Nawijn tó gbá mi létí nígbà tí mo kà á. Ìgbà tí ìdùnnú àwọn arìnrìn-àjò fi yọrí ju ti àwọn yòókù ni kí wọ́n tó gbéra rárá. Ó jọ pé ìrètí ló fà á. Èèyàn á máa ka ọjọ́, á máa ro aṣọ tó máa wọ̀, á máa fi ojú inú rìn láàárín ìlú tí kò tíì dé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni òjijì wá ń ṣe? Ibi tó dùn jù nínú ìrìn-àjò ni òjijì ń gé kúrò lára ìpín ẹnì kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo àwòrán yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹn lórí fóònù mi, tí mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò ní tó wákàtí kan. Mo rò pé mo fún un lẹ́bùn, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bùn náà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ibo ni òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ wà? Ó wà nínú ṣíṣe ohun tuntun pọ̀. Ní 1993, Charlotte Reissman, Arthur Aron àti Michael Bergen fi tọkọtaya 53 ṣe ìwádìí. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú orí wọn wú, kí àwọn kan máa ṣe ohun tó kàn tù wọ́n lára, kí àwọn tó kù má fi nǹkan kan kún ìṣe wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, àwọn tó ń ṣe ohun tó ń mú orí wọn wú ni ìgbéyàwó wọn tẹ́ lọ́rùn ju àwọn tó ń ṣe ohun tó tuni lára lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa: àwọn fúnra wọn ni wọ́n ti sọ ṣáájú ohun tó ń mú orí wọn wú. Kò sí ẹni tí wọ́n bá lójijì.

Ní 2000, Aron àtàwọn mìíràn tún gbé òmíràn jáde tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n so ọwọ́ ọkọ mọ́ ọwọ́ aya, wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rákò lórí ẹní tó nípọn, kí wọ́n gun ohun ìdènà kọjá, kí wọ́n sì gbé ìrọ̀rí láàárín ara wọn láìfi ọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú 7 péré ni eré yìí ń gbà. Síbẹ̀, àwọn tó ṣe é sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn dáadáa lẹ́yìn náà ju àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ṣe. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí odò lójú fèrèsé. Orí ilẹ̀ ni. Èèyàn lè rí irú àǹfààní yẹn ní pálọ̀ ilé rẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tàbí kí àwọn ọmọ gan-an máa wò wọ́n, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ó kan apá kejì ìgbàgbọ́ wa, pé ojoojúmọ́ ló ń pa ìfẹ́. Níbí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibí ló jinlẹ̀ jù.

John Gottman àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle, ṣe yàrá ìwádìí kan bí ilé gbígbé. Wọ́n ní kí àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó wá lo ọjọ́ kan níbẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ka ìwé, kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ kéré débi pé ojú lè fò ó. Ẹnì kan á wo ìta, á ní, "Wo bí òjò ṣe ṣú." Ṣé ẹnì kejì á gbójú sókè wò ó, tàbí kò ní dáhùn? Ìyẹn ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn ọdún 6, wọ́n wá àwọn tọkọtaya náà kàn. Àwọn tó ṣì wà pọ̀ ti yíjú síra wọn nígbà 86 nínú 100 ní ọjọ́ tí wọ́n wà ní yàrá yẹn. Àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, ìgbà 33 péré. Ìwádìí yìí kò sọ pé dídá ara ẹni lóhùn nìkan ló gbé ilé ró. Ohun tó fi hàn ni pé ibi tí ìfẹ́ ti ń rí oúnjẹ jẹ tàbí tí ebi ti ń pa á wà láàárín abọ́ àti aṣọ yẹn gan-an. Ẹni tó ń fọ abọ́ tí ẹnì kejì ń nù ún, tí wọ́n jọ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn.

Kí ló wá ń rẹ èèyàn nílé nígbà náà? Ní tèmi, kì í ṣe iṣẹ́ ilé, bí kò ṣe bí iṣẹ́ náà ṣe dúró sórí ẹnì kan. Allison Daminger, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá tọkọtaya 35 lẹ́nu wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ sí gbangba ní 2019. Ó pín iṣẹ́ tí èèyàn ń fi orí ṣe nínú ilé sí mẹ́rin: kéèyàn rí ohun tó ń bọ̀ ṣáájú, kó wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é, kó pinnu, kó sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi yanjú. Tọkọtaya máa ń jọ pinnu. Rírí i ṣáájú àti ṣíṣọ́ ọ, ọrùn obìnrin ló sábà máa ń wà.

Ìdí tí ìyàwó mi fi wà nínú ilé ìwẹ̀ nìyẹn. Mo gbé ara rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, orí tó ń ṣọ́ oògùn náà bá a lọ. Ká ní ó mọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ì bá ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àbúrò rẹ̀. Òjijì tí mo fi ṣe ẹ̀bùn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń sá pamọ́ kó lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tó tún dùn mí ni pé èmi tí mo jẹ́ bàbá ọmọ, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìgò yẹn.

Àwọn kan wà tí òjijì dùn mọ́ ní tòótọ́, kí wọ́n máa ṣe é fún ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pa àṣírí díẹ̀ mọ́ lè sọ ọjọ́, kó fi orúkọ ìlú pamọ́. Ìrètí á wà, ìyàlẹ́nu náà á sì wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìjà ló wà nílẹ̀, tí wọn ò tíì sọ ọ́ yanjú, ẹ má tì í wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ilé ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tí kò sì lówó ìrìn-àjò kò pàdánù ohun tó ń mú ilé dúró.

A tún lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un ní oṣù kan ṣáájú, òun ló mú ìlú, èmi ló ń fún ọmọ lóògùn lálaalẹ́ títí ọjọ́ fi pé. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ ni. "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ó kọ̀, kò mu ún."

Mo wẹ̀yìn. Ìyàwó mi ti sùn, ó ń hanrun díẹ̀.

"Gbé ìgò náà fún un," ni mo sọ, "kó dì í mú fúnra rẹ̀."