Napoli: kíláàbù tó kú, tó sì ra orúkọ ara rẹ̀ padà

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Òkè-Fìà tàbí ní Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo pé ọdún wo ni wọ́n dá Napoli, kíláàbù bọ́ọ̀lù ìlú Napoli ní Ítálì, sílẹ̀, ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dáhùn kíá: 1926. Kò purọ́. Àmọ́ ká ní adájọ́ ará Ítálì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹn yóò mi orí, yóò ní ilé-iṣẹ́ tó ni Napoli òde òní, ọdún 2004 ni wọ́n bí i. Èyí já sí pé nígbà tí Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Udinese ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún 2023, tí Napoli fi gba líìgì, tí gbogbo sẹ́ńtà ìwòran sì hó yèè, kíláàbù tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kò tíì pé ogún ọdún. Osimhen, tí wọ́n bí ní ìparí 1998, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún un.

Ta ló wá tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Ọmọ Òṣogbo yẹ kó lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíì lọ. Bí wọ́n bá ní ká fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀, ibo la ó tọ́ka sí? Láti Ìpólé ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti gbéra nígbà tí omi ń ni wọ́n lára. Etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́kọ́ dó sí, àfìgbà tí wọ́n gé igi kan tó wó sínú odò, tí ohùn kan ké láti inú omi pé, “Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!” Wọ́n bá kó kúrò létí omi, wọ́n bọ́ sórí ilẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kankan rí pé Òṣogbo kan kú létí odò kí wọ́n tó bí òmíràn. Ilé ni wọ́n kó. Òfin Ítálì kò mọ irú ìyẹn. Lójú tiwọn, bí gbèsè bá ti pa ilé-iṣẹ́, ó ti kú nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ òmíràn kó lọ bí tirẹ̀.

Ìbí àkọ́kọ́ yẹn wáyé ní oṣù Kẹjọ 1926. Giorgio Ascarelli, oníṣòwò aṣọ, ló jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Internaples ni wọ́n sì sọ di Napoli. Ẹṣin ni wọ́n yà sí àmì ẹgbẹ́ náà, nítorí ẹṣin jẹ́ àmì ìlú wọn láti ayé ọjọ́un. Sáà àkọ́kọ́ dé, ẹṣin kò lè sáré: póìǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n rí kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀ pé èyí kì í ṣe ẹṣin mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà mọ́ wọn lára. Wọ́n gbà á, wọ́n sọ ọ́ di oríkì, wọ́n sì ń yà á sórí àsíá títí dòní. Ìlú tó lè fi èébú ara rẹ̀ ṣe oríkì, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ó máa ń pẹ́ kí irú wọn tó sá.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kọjá kí Diego Maradona tó dé láti Barcelona ní 1984, lórí owó tí kíláàbù kankan kò tíì san rí láyé nígbà náà. Ẹ rántí pé àríwá Ítálì ni owó wà, ní Milan àti Turin, ibẹ̀ náà ni ife-ẹ̀yẹ máa ń sùn sí. Àwọn ará ibẹ̀ a sì máa wo ará gúúsù bí ẹni tí kò wẹ̀. Maradona mú Napoli gba líìgì ní 1987, wọ́n gba ife UEFA ní 1989, wọ́n tún gba líìgì ní 1990. Ní oṣù Kẹta 1991 wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, wọ́n bá kokéènì nínú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù 15. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli mọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìyá ọlọ́jà tí ọjà kò tà fún mọ́ rí yóò mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìyá náà á kọ́kọ́ ta ẹrù, á ta ẹ̀wù, á wá ta àpótí tó ń kó ẹrù sí. Gianfranco Zola lọ sí Parma ní 1993. Ciro Ferrara, ọmọ bíbí ìlú, lọ sí Juventus ní 1994. Fabio Cannavaro, ọmọ ìlú òun náà, lọ sí Parma ní 1995. Òun ló wá di balógun Ítálì tó gba ife àgbáyé ní 2006. Owó tó ń wọlé kò tó san èlé, débi tí wọn yóò fi ra ẹni tó máa rọ́pò àwọn tó lọ. Ní sáà 1997 sí 1998 Napoli borí nínú ìdíje méjì péré, póìǹtì 14 ni wọ́n ní, wọ́n já kúrò ní Serie A, ìpele àkọ́kọ́, sí Serie B, ìpele kejì. Wọ́n gòkè ní 2000, wọ́n tún já ní 2001. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹjọ 2004, gbèsè tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bí 70 mílíọ̀nù Euro ti wà lọ́rùn wọn, ilé ẹjọ́ sì kéde pé ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní Ítálì, kíláàbù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ ni, bí ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tàbí ti bíríkì. Bí ó bá kógbá sílé, adájọ́ á yan ẹni tó máa kó ohun ìní rẹ̀ jọ, á tà á, á fi san fún àwọn tó jẹ lówó. Nínú ohun ìní náà ni orúkọ wà, àmì ẹgbẹ́ àti àwọn ife tí wọ́n gbà nígbà ayé Maradona. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní tiwọn á gba òmìnira, oníkálukú á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni adájọ́ kò lè dá pinnu: àyè nínú líìgì. Ìyẹn wà lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì. Nígbà náà, wọ́n ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Lodo Petrucci, tó sọ pé bí kíláàbù tó ti pẹ́ bá kú nítorí gbèsè, ilé-iṣẹ́ tuntun láti ìlú kan náà lè wọlé sí ìpele kan nísàlẹ̀ ibi tí olóògbé wà. Napoli kú ní Serie B, nítorí náà àyè ṣí sílẹ̀ ní Serie C1, ìpele kẹta. Oríire wọn ni òfin yẹn. Fiorentina tó ti irú ikú bẹ́ẹ̀ kú ní 2002, ìpele kẹrin pátápátá ni wọ́n jù ú sí, Florentia Viola ló sì ń jẹ́ níbẹ̀.

Aurelio De Laurentiis, tó ń ṣe fíìmù, ló dìde. Owó tó lé ní 30 mílíọ̀nù Euro ló san, kí ni ó sì rí gbà? Kò gba agbábọ́ọ̀lù kankan. Kò gba ife, kò tilẹ̀ gba orúkọ. Ìwé ló gbà, ìwé tó ní ó lè forúkọ ẹgbẹ́ kan láti ìlú Napoli sílẹ̀ ní ìpele kẹta. Napoli Soccer ni wọ́n pe ọmọ tuntun náà nítorí kò sí ẹ̀tọ́ fún un láti jẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ wo bó ṣe rí: bí ọmọ tí gbogbo ẹbí mọ̀ pé Babátúndé ni, tí àwọn tí bàbá àgbà jẹ ní gbèsè sì dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n ní ẹ kò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá sanwó.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án 2004, ọmọ náà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé nínú líìgì, pẹ̀lú Cittadella, ó sì parí sí ọ̀mì 3-3. Pápá náà ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò. San Paolo ni, pápá tí Maradona ti gbá bọ́ọ̀lù, àwọn àlejò sì ń wá láti ìlú kéékèèké tí gbogbo olùgbé wọn lè jókòó sí apá kan pápá náà kí àyè ṣì kù. Ǹjẹ́ àwọn èèyàn wá? Wọ́n wá. Nínú ìdíje kan ní Serie C, 51,000 ènìyàn ló wọlé, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní ìpele yẹn. Iye èrò tó ń wò wọ́n lọ́sẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ kíláàbù tó wà ní Serie A lọ.

Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wo Napoli Soccer mọ̀ pé orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ. Ó mọ̀ pé àwọn tó wà lórí pápá kì í ṣe àwọn tó mọ̀ ní ọdún tó kọjá. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó dúró de ìwé kí ó tó máa pè é ní Napoli. Mo wá rò ó wò ní tiwa. Pápá ìṣeré wà ní Òṣogbo. Prime FC ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Osun United là ń pè é nísinsìnyí. Àwa tí a lè ka agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá Arsenal lórí, tí a sì mọ ẹni tí orúnkún ń dùn nínú wọn, mélòó la lè dárúkọ nínú ti Osun United? Mo dán ara mi wò. Mi ò sọ iye tí mo rí.

Aṣọ nọ́mbà 10 náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2000 wọ́n fi nọ́mbà náà pamọ́ fún ọlá Maradona, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ òfin Serie C nígbà náà ni pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje gbọ́dọ̀ wọ nọ́mbà 1 dé 11, ẹnì kan sì ní láti wọ 10. Roberto Sosa, ará Ajẹntínà, wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́. Òṣì máa ń tú ohun tí ọlá dè.

Sáà àkọ́kọ́ kò dára tán. Avellino, ará àdúgbò wọn, ló borí wọn 2-1 nínú ìdíje àṣekágbá tó yẹ kó gbé wọn gòkè ní 2005. Ọdún kejì ni wọ́n gòkè. Ní oṣù Karùn-ún 2006, De Laurentiis ra orúkọ padà pẹ̀lú ìtàn tó so mọ́ ọn: Società Sportiva Calcio Napoli. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti gbà fún wọn láti sọ pé àwọn ló gba líìgì ní 1987 àti 1990. Ní oṣù Kẹfà 2007, wọ́n ta ọ̀mì 0-0 ní Genoa. Ọ̀mì náà gbé kíláàbù méjèèjì lọ sí Serie A lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èrò ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ń jó lórí pápá kan ṣoṣo.

Ìyókù yá kánkán. Ife Coppa Italia ní 2012. Maradona kú ní oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá San Paolo. Ọdún kan náà ni Osimhen dé láti Lille, ọmọ tó ti ta omi nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó. Góòlù 26 ló jẹ ní sáà 2022 sí 2023, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ góòlù jù lọ ní Serie A.

Nílé níbí, Stationery Stores ti Èkó, tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, gba Challenge Cup ní 1967, 1968, 1982 àti 1990, ó gba líìgì ní 1992. Òun náà ṣubú. Wọ́n ti gbìyànjú láti jí i dìde, kò tíì padà sí ipò tó wà. 3SC ti Ìbàdàn ní tirẹ̀ ti jẹ́ WNDC rí, ó ti jẹ́ IICC, ìgbà tó ń jẹ́ IICC ló gba ife Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Cup Winners' Cup ní 1976, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ará Ìbàdàn kan tó ní kíláàbù mẹ́ta ni.

Osimhen ti kúrò. Galatasaray ló lọ ní 2024, Napoli sì tún gba líìgì ní oṣù Karùn-ún 2025 láìsí i. Ní Òṣogbo, àwọn ọmọ sẹ́ńtà tẹ̀lé e lọ sí Tọ́kì, wọ́n ń ní kí onísẹ́ńtà wá ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń fi líìgì ibẹ̀ hàn. Mẹkáníìkì kan wà lójú ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sí Ọlá-Ìyá, aṣọ Napoli ló ṣì ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Epo ọkọ̀ ti bo nọ́mbà 9 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ti ṣí lọ bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ kò mu. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé ṣé Osimhen kọ́ ni wọ́n lé lọ ni? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní aṣọ yìí kó tó lọ.”