Ẹni Mímọ́ Yves ti Kermartin

Ẹni Mímọ́ Yves Hélory (17 Oṣù Kẹwàá 1253 – 19 Oṣù Karùn-ún 1303), tí wọ́n tún ń pè ní Ivo ti Kermartin, jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, adájọ́ àti agbẹjọ́rò ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Òun ni ìjọ Kátólíìkì kà sí ẹni mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó àwọn lọ́yà.

Kermartin lẹ́bàá ìlú Tréguier ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé ọlọ́lá tó ní ilẹ̀. Ní 1267 ó lọ sí Yunifásítì Paris láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti òfin ìjọ. Póòpù ti ka kíkọ́ni ní òfin àwọn ará Róòmù léèwọ̀ ní Paris láti 1219, nítorí náà Orléans ni Yves gbà lọ ní 1277 kó lè kọ́ ọ.

Láyé ìgbà náà, ìjọ ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó, ogún, ìbúra àti ẹjọ́ àwọn opó. Rennes ni Yves ti kọ́kọ́ jókòó bí adájọ́ irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1284, bíṣọ́ọ̀bù Tréguier pè é wálé, ó fún un níṣẹ́ kan náà, ó sì fi í joyè àlùfáà. Ó bójú tó ìjọ Trédrez, lẹ́yìn náà ti Louannec.

Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, á pẹ̀tù sí aáwọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́. Ohun tó ṣàjèjì jù ni pé adájọ́ yìí máa ń lọ sí ilé ẹjọ́ mìíràn láti gbẹnu sọ fún tálákà láìgba kọ́bọ̀. Ó sọ ilé bàbá rẹ̀ ní Kermartin di ibi ìgbàlejò fún aláìní àti ọmọ òrukàn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ló gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì dé sílé opó kan tó ń gbàlejò ní ìlú Tours, wọ́n fi àpótí kan pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó má gbé e fún ẹnikẹ́ni àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ wá. Ọ̀kan nínú wọn fọgbọ́n gba àpótí náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkejì pe opó lẹ́jọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dá a lẹ́bi ni Yves dìde: ó ní obìnrin náà ti ṣe tán láti gbé àpótí kalẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, kí olùpẹ̀jọ́ lọ mú ẹnìkejì rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé àwọn méjèèjì ló jọ gbìmọ̀ jìbìtì.

Ní 1330, ìjọ ṣèwádìí ìgbésí ayé rẹ̀ ní Tréguier, ẹlẹ́rìí tó lé ní 200 ló sì sọ̀rọ̀. Póòpù Clement Kẹfà kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1347. Àwọn èèyàn tilẹ̀ ní orin Látìnì kan tó sọ pé ó ya aráyé lẹ́nu pé lọ́yà ni, síbẹ̀ kì í ṣe olè. Nínú ère rẹ̀, ó sábà máa ń dúró láàárín olówó àti tálákà.

Wọ́n fọ́ ibojì rẹ̀ nígbà Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, ìyẹn ìgbà tí àwọn ará ìlú dìde sí ọba, wọ́n sì tún un ṣe ní 1890. Lóṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn lọ́yà máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á tẹ̀ lé ìwọ́de tí wọ́n fi ń gbé agbárí rẹ̀ láti Tréguier lọ sí Minihy.

Àṣà kan tún wà nígbà kan rí tí ìjọ kò fọwọ́ sí. Ní Trédarzec, òdì kejì odò sí Tréguier, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ máa ń lọ síwájú ère Yves nínú ilé àdúrà kan láti fi ẹjọ́ elénìní rẹ̀ sùn, kí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì kú láàárín ọdún. Nítorí àṣà yìí ni àlùfáà ibẹ̀ ṣe wó ilé àdúrà náà ní ìparí ọ̀rúndún 19.