Kantíkantí inú ìkòkò òdòdó

Kantíkantí inú ìkòkò òdòdó ni kòkòrò dúdú wínníwínní tó máa ń fò yí òdòdó inú ilé ká. Ẹbí Sciaridae ni wọ́n. Bradysia ló wọ́pọ̀ jù lára wọn. Gígùn wọn jẹ́ mìlímítà 2 sí 4. Wọn kò mọ̀ ọ́n fò dáadáa, nítorí náà orí ilẹ̀ ìkòkò la ti sábà máa ń bá wọn tí wọ́n ń sáré kiri. Wọn kì í jẹ ènìyàn. Ìdin wọn ló ń ṣe òdòdó níbi. Ní Abẹ́òkúta, àsìkò òjò ni wọ́n sábà máa ń pọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ìkòkò kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ọyẹ́ máa ń dín wọn kù, àyàfi nílé tí wọ́n bá ti ń bomi rin òdòdó láràárọ̀.

Dídá wọn mọ̀

Bí a bá gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí wọ́n dìde láti orí ilẹ̀, kantíkantí ni. Bí ohun funfun bí ẹfun bá tú jáde lábẹ́ ewé, eṣinṣin funfun nìyẹn. Ọṣẹ olómi ṣíbí tíì 1 nínú omi lítà 1, tí a fọ́n sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, ló bá a mu. Èyí tó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ká ní ilé ìdáná, Drosophila ni, kò kan òdòdó.

Láti rí ìdin, a gé pòtétò ní bíbẹ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, a tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, a sì ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3. Ìdin náà rí bí òwú funfun, ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé a ń rí oúnjẹ inú rẹ̀, orí rẹ̀ sì dúdú, ó ń dán.

Ìgbésí ayé wọn

Abo kan lè yé ẹyin tó 100 sí 200 sínú ilẹ̀ tútù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹyin ti pa. Ìdin yóò jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó di èyí tó ń fò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó sì máa ń yá sí i bí ilé bá móoru. Ohun tó bu àti ohun tó jẹrà ni ìdin kọ́kọ́ ń jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀, wọn a bọ́ sórí irun gbòǹgbò. Òdòdó tó ti dàgbà lè fara dà á. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti ẹ̀ka tí a gé gbìn ló sábà máa ń kú.

Omi àti yanrìn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Kí sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 òkè ilẹ̀ gbẹ kí a tó tún bomi rin ín. Ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan tó láti fi wò ó: a tì í bọ inú ilẹ̀ títí dé ìwọ̀n yẹn, a fà á yọ, bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ṣì wà. Ọ̀já ìkookò àti ahọ́n erin kò ní bínú sí èyí. Òdòdó tí kò fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí a gbé sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó fà á láti ìsàlẹ̀, kí a sì da ìyókù nù.

Lẹ́yìn náà, a da yanrìn odò tó le, tí a ti fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, lé e ní sẹ̀ǹtímítà 2. Abo kò ní rí ilẹ̀ tútù yé sí. Yanrìn kíkúnná kò dára, ó máa ń dì. Ohun méjì ló sábà máa ń ba ọgbọ́n yìí jẹ́: yanrìn a bo ilẹ̀ tó ṣì tutù mọ́lẹ̀, ẹni tó ń bomi rin ín a rò pé ó ti gbẹ, kòkòrò náà sì lè gba ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò wọlé bí omi bá dúró nínú àwo abẹ́ rẹ̀.

Oògùn àti pańpẹ́

Ike aláwọ̀ ìyeyè tí a fi faselíìnì pa, tí a gúnlẹ̀ sínú ìkòkò, ń mú àwọn tó ń fò. Ó wúlò jù láti fi ka iye wọn. Fún ìdin, Bacillus thuringiensis israelensis, bakitéríà tí wọ́n tún ń lò fún ìdin ẹ̀fọn, ló dára jù. A tún lè rẹ ewé dongoyárò tútù kílò 1 sínú omi lítà 5 mọ́jú, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì fi rin ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò olómi, kò yẹ nínú yàrá rárá: èéfín rẹ̀ léwu fún ènìyàn, ẹyin àti ìdin inú ilẹ̀ sì lè yè é. Ní 2019, NAFDAC dá títa ìgò kékeré rẹ̀ dúró ní ọjà gbogbo.

Ilẹ̀ tuntun

Ilẹ̀ ààtàn àti ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà tán sábà máa ń gbé ẹyin wọn wọlé. Kí a da omi híhó sí i, kó sẹ́, kó sì tutù pátápátá kí a tó gbin nǹkan sí i. Òdòdó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹ kó dá dúró fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 pẹ̀lú ike ìyeyè tirẹ̀.